Ariwo Kọ́ Ni Ìbò

Lásìkò ìbò 2023, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ ta ni ọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé Obidient, ọmọ ẹ̀yìn Peter Obi, ni ọ́, àbí Batified, ti Bọ́lá Tinubu, àbí Atikulated, ti Atiku. Tó o bá ní o ò sí níbì kankan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á para pọ̀ bú ọ. Ibi tí mo ti rí i pé wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa mọ iṣẹ́ yìí. Kó tó fọnu láàárọ̀, á ti bú gómìnà méjì lórí Twitter, á ti ṣépè fún ẹgbẹ́ kejì, á sì ti kéde ẹni tó máa wọlé. Ọjọ́ 25 oṣù kejì wá pé. Ìjọba sé títì pa kí aráàlú lè ráyè dìbò. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi òkúta ṣe góòlù láàárín ọ̀nà mọ́tò, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ bá mi kí wọn kú iṣẹ́ ìlú.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó yọjú kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ, ìbò tí Tinubu sì fi wọlé kò pé mílíọ̀nù 9. L'Ékòó, ojúbọ ariwo gan-an, mílíọ̀nù 7 àti díẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀; ìbò tí wọ́n dì kò tó mílíọ̀nù 1.4. Ìbò tí Obi fi ju Tinubu lọ níbẹ̀ kò pé 10,000. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù lójú títì lọ́jọ́ náà tó yí i síbi tó bá wù wọ́n.

Àwọn ẹgbẹ́ sì ti bá wa ṣa ẹni tá a máa yàn tipẹ́. Ní 2022, APC ta fọ́ọ̀mù ipò ààrẹ ní mílíọ̀nù 100 náírà. PDP ta tiẹ̀ ní mílíọ̀nù 40, torí mẹ̀kúnnù. Níbi ìbò abẹ́lé, aṣojú ẹgbẹ́ 1,271 ló dìbò fún Tinubu ní APC, 371 fún Atiku ní PDP. Kó gbogbo wọn jọ, wọn ò tó èrò ìnáwó òkú olówó kan n'Íjẹ̀bú. Ìgboro ní dọ́là ni wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò. Èmi ò bá wọn kà á.

Alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù ò mọ ohun tó ń jẹ́ Twitter. Ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ló wà lápò rẹ̀: orúkọ àwọn ìyá ọlọ́jà, ojúlé wọn, ẹni tí orúnkún ń dùn tó máa nílò ọ̀kadà dé ibùdó ìdìbò. Kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Tó bá ku ọ̀la, owó "dìbò kí o sebẹ̀" á wọlé wẹ́rẹ́. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ìyá ti tò sórí ìlà.

Wọ́n ka ìbò tán. Ọmọkùnrin wa gbé e sórí Twitter pé wọ́n ti jí ìbò òun.