Ẹ́ńjìnì ti gbóná kí n tó débẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u jáde níbí kí n má baà lọ bá ọmọ ọlọ́mọ jà lójú òpó ẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí fọ́tò Muscle kan (ìnagijẹ Toyota Camry kan ni) tí ọmọkùnrin kan gbé síta pé òun fẹ́ tà. Camry 2008, fáàsì bọ́dì, ìyẹn ni pé wọn ò tíì tún un kùn lọ́dà rí, AC ẹ̀ ń tutù bíi yìnyín, ẹ kàn máa kówó bọ̀ kẹ́ ẹ máa wà á lọ. Àwọn èèyàn wá ń bèèrè lábẹ́ ẹ̀, ṣé ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáa? Ó ní Toyota ni. Ṣé kì í jẹ ọ́ìlì? Toyota ni, ọ̀gá mi. Ìyá kan ní ta ló ń lò ó tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá ìyá yẹn lóhùn? Toyota ni, mà.

Ó bí mi nínú débi pé ẹ̀wà tí mo gbé kaná jóná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ẹ mọ ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, mo sì máa ń kó ọjà lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní sọ́bsídì epo ti lọ, owó tí àwọn onímọ́tò Kútọ̀ ń gbà lórí báálì aṣọ mi ò jẹ́ kí n mọ ẹni tó ń jèrè ọjà yẹn mọ́, ṣé èmi ni àbí àwọn. Bí mo ṣe ní màá ra tèmi nìyẹn. Kì í ṣe jíìpù o, mọ́tò ilé lásán, èyí tí búùtù ẹ̀ á gba ẹrù, tí ọmọ mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn láìfi ìgbúnwọ́ gún ara wọn. Corolla kéré fún mi. Ó ku Camry àti Accord ti Honda, owó ọwọ́ mi sì ti sọ fún mi pé èyí tó ti dàgbà ni o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé mọ́tò tó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún ti di irin àlòkù, mo ti gbọ́ yín. Ẹ fi owó tuntun ránṣẹ́, àkáǹtì mi ò tíì pa dé.

Orúkọ tá a tún ń sọ àwọn mọ́tò yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Camry 2003 ni Big Daddy, ti 2007 sókè ni Muscle, Accord 2003 sókè ni End of Discussion, ti 2008 wá ni Evil Spirit. Ẹ fojú inú wo ẹni tó kó owó àjọ ẹ̀ jọ tọdúntọdún, tó ń gbààwẹ̀ lé e lórí, tó wá fi ra Evil Spirit.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pa dà sọ́rọ̀. Àárọ̀ Sátidé kan ni, mo gbọ́ pé Muscle kan wà ní Àdìgbẹ́ tí Àlàájì kan fẹ́ tà. Mo mú àbúrò mi ọkùnrin dání, mo mú mẹ́káníìkì mi dání, mo fún mẹ́káníìkì lẹ́gbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kó bá mi wò ó, owó ọkọ̀ ọ̀tọ̀. Aago méje la bára wa sọ, èmi ni mo mú aago méje torí mo mọ ohun tí mò ń wá. Bàbá mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, Peugeot 504 ni wọ́n wà jẹun láti Láfẹ́nwá, wọ́n sì máa ń sọ fún wa nílé pé mọ́tò tó bá ti jí kó o tó dé, wọ́n ti kọ́ ọ lóhun tó máa sọ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ́ńjìnì tó ti ń jẹ ọ́ìlì, àárọ̀ ló máa ń jẹ́wọ́. Tó bá sùn mọ́jú tó tutù pátápátá, bó o bá ṣe ṣáná sí i báyìí, wàá rí èéfín aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn, ṣéènì inú ẹ̀ á máa ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bíi pé wọ́n da ẹ̀kùrọ́ sínú agolo. Tó bá gbóná tán, gbogbo ìyẹn á fara pa mọ́.

A débẹ̀ láago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Àlàájì ti wọ agbádá, mọ́tò ti wẹ̀, táyà ń dán bíi bàtà ọjọ́ Iléyá. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀, bí mo ṣe dìde mo fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Gbígbóná. Aago méje àárọ̀.

Mo ní Àlàájì, ẹ ti gbé e jáde ni? Wọn ò dá mi lóhùn, àbúrò mi ni wọ́n kọjú sí. "Ọ̀gá, ẹ sún mọ́bí, ẹ wo ẹ́ńjìnì." Àbúrò mi yìí, onígbàjámọ̀ ni o, plọ́ọ̀gì tí ń bẹ lára ẹ́ńjìnì, tẹ́ ẹ bá ní kó fi hàn yín, ibi bátìrì ló máa nàka sí. Wọ́n ń kó àlàyé lé e lórí, ó ń mi orí bíi alángbá. Wọ́n wá yíjú sí mi, "Màmá, ẹ jókòó sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbádùn AC." Èmi tí owó wà lápò mi. Gbogbo ibi tí mo ti lọ wo mọ́tò ni wọ́n ti ṣe é fún mi, ibì kan ní Ọbáńtokò tiẹ̀ ní kí n lọ pe dádì wá, ọkọ mi tó jẹ́ pé orí ọ̀kadà ló ti kọ́ ohun gbogbo tó mọ̀ nípa mọ́tò.

N ò jókòó. Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ. Ọ́ìlì ò dé àmì ìsàlẹ̀, ó sì dú bí omi aró tó ti kú. Àlàájì ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sáfíìsì ẹ̀ ni. Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe fún aṣọ. Tí wọ́n bá gbé àdìrẹ wá fún mi tí wọ́n ní kò lè ṣí, mo máa ń fi ańkáṣífù funfun tútù ra á, ańkáṣífù ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀, n kì í bá ẹni tó gbé e wá sọ̀rọ̀. Mo ti ańkáṣífù yẹn bọ ẹnu sáìlẹ́ńsà, mo yí i po, ó jáde pẹ̀lú dúdú tó ń yọ̀. Eérú gbígbẹ ò dùn mí, àmọ́ eléyìí ń dán lọ́wọ́, ọ́ìlì ni. Èmi náà ọlọ́jà ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi sítáàṣì bo aṣọ tó ti rẹ̀.

Mo lọ wo ṣáásì nọ́ńbà lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi dírẹ́bà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún. Àlàájì ní 2008, ìkẹwàá ní 7, ìyẹn 2007. Àlàájì ní Japan ni wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ní 4, Amẹ́ríkà nìyẹn. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tó dá mi lóhùn kì í ṣe Àlàájì o, mẹ́káníìkì mi ni, ẹni tí mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún! Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà, Toyota ni."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé e dé Ìtòkú ká fi gun òkè abẹ́ Olúmọ, torí ní Abẹ́òkúta wa yìí, gíà tí kò bá gun òkè kò tíì sọ òótọ́. Àlàájì ní epo inú ẹ̀ ò tó. Mo ní màá ra epo. Wọ́n ní àwọn ní ìpàdé. Mo dé ẹ̀yìn mọ́tò lọ́hùn-ún báyìí, mo gbọ́ tí mẹ́káníìkì mi ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "Ẹ ṣáà má gbàgbé tèmi."

Ẹ̀yin ará, mo kí Àlàájì pé ó dàárọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Àbúrò mi bínú sí mi títí dé Pàǹṣẹ́kẹ́, ó ní ẹni tó bá ń wá mọ́tò tí kò lábùkù, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn.

Nígbà tí mo délé mo wá ka nípa ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáadáa, ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó lọ nìyẹn. Muscle oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnì lítà 2.4, ti 2007 títí dé 2009, Toyota fúnra wọn mọ̀ pé ó máa ń jẹ ọ́ìlì. Ọ́ìlì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnì, òrùka irin tó yí i ká, lọ sókè, á sì jóná pẹ̀lú epo. Ní Amẹ́ríkà wọ́n tiẹ̀ fi kún wárántì ẹ̀ nítorí ẹ̀, wọ́n pààrọ̀ písítìnì àti ríǹgì fún àwọn onímọ́tò tí ti wọn burú. Ti 2010 ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnì 2.5 sí. Ta ló pààrọ̀ písítìnì fún èyí tó wà ní Àdìgbẹ́? Ẹ wá rí i pé "Toyota ni" tí wọ́n fi ń dá wa lóhùn yìí, Toyota gan-an ò fi dá ara ẹ̀ lóhùn.

Ibi tó yẹ kí n parí ẹ̀ sí nìyẹn, kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ dúró.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo rí End of Discussion kan ní Ìdí-Àbá, 2005, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, lọ́wọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo jí bàbá yẹn, kẹ́ ẹ gbọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo kan ilẹ̀kùn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù bí ìkòkò omi. Wọ́n ṣáná sí i níṣojú mi, èéfín kankan ò jáde, ańkáṣífù mi mọ́. Ẹ́ńjìnì 2.4 ti Honda yẹn, ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì bíi ti V6 ẹ̀, ìyẹn oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Mo ti kà á pé Honda pe àwọn V6 2003 àti 2004 pa dà lọ́dún 2004 nítorí gíà, tèmi kì í ṣe V6, ọkàn mi balẹ̀ bámú. Bàbá tiẹ̀ kó rìsíìtì gbogbo sínú fáìlì, láti orí búṣì dé orí wáípà. Mo sanwó. Mo wà á gba Kútọ̀ kọjá lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ wà á jẹ́jẹ́ kí àwọn onímọ́tò báálì lè rí mi.

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mò ń gun òkè láti Ìtòkú, gíà já mi síwájú bíi pé ẹnìkan fi ẹsẹ̀ ta mí nídìí. Mo ní bóyá kòtò ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é. Nígbà tí mẹ́káníìkì mi tuntun fa géèjì gíà yọ, ó kàn nà án sí mi nímú, ó ń rùn bí ẹ̀wà tí mo jó lónìí. Accord kì í gba ọ́ìlì gíà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí ní ṣọ́ọ̀bù, ti Honda gan-an ni ìwé ẹ̀ ní kí wọ́n máa dà sí i, ẹnìkan sì ti da ohun mìíràn sí i nígbà kan. Nínú gbogbo rìsíìtì bàbá tíṣà, kò sí ti ọ́ìlì gíà ẹyọ kan. Èmi tí mo fi ańkáṣífù wo ìdí sáìlẹ́ńsà ẹlòmíì, n ò fi ìka kan ọ́ìlì gíà tèmi. Inú mi dùn jù pé ẹ́ńjìnì tutù.

Owó gíà yẹn, ẹ má bèèrè. Mọ́tò ọ̀hún ṣì wà níbi iṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ọ̀sẹ̀ kejì rèé.

Ta ló wá ra Muscle Àlàájì? Ìyá olófàdà kan tá a jọ máa ń pàdé ní Pàǹṣẹ́kẹ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n lára bọ́mpà ẹ̀yìn tó ní àpá. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tó ti ń wà á, ó ń fi kó kúlà àti ìkòkò, ó ń fi gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó ti bá a dé Ìlọrin rí. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ó ní àh, ó ń mu ún o, gálọ́ọ̀nù kan kì í kúrò nínú búùtù òun, gbogbo ọjọ́ Sunday tóun bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń fún un ní tiẹ̀. Ó ní, "Èmi náà ń mu tíì." Mo ṣírò owó ọ́ìlì yẹn lórí fóònù mi, ti ọdún kan gbáko. Mo pa fóònù mọ́.

Mo ṣì ń sọ pé irọ́ ni wọ́n pa fún un, wọ́n pa á fún un lóòótọ́, ọdún irọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é irọ́. Àmọ́ nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún un lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, inú mọ́tò yẹn la jọ wà. Ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kútọ̀ pẹ̀lú báálì méjì, ó ní kí n wọlé, ó gbé mi dé Ìtòkú láìgba kọ́bọ̀. AC ẹ̀ tutù lóòótọ́. A gun òkè yẹn, gíà kò já. Nígbà tí mo kó ẹrù mi sọ̀ tán, mo rọra fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyá olófàdà yọrí síta, ó ní, "Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"