Kí wọ́n wọn ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ náà

Ẹ ṣeun fún ìròyìn yín nípa bí àwọn olùwádìí ṣe ń wọn ọ̀nà, pàápàá ibi tí ẹ ti sọ pé wọ́n ń fi sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí táyà bá tẹ̀ ẹ́, wo ibi tí táyà ọkọ̀ ń gbà gan-an lórí títì. Èmi tí mò ń fi Micra kó èrò láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Lójú ọ̀nà àtijọ́, ipa táyà tírélà ti jìn wọnú ọ̀dà bíi gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀, sítíárìn á sì máa fà mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ló wú mi lórí jù. Okùn sẹ́ńsọ̀ tín-ín-rín mẹ́ta ni wọ́n ń rì sínú ọ̀dà: méjì dábùú títì tààrà, ẹ̀kẹta fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àkókò tí táyà fi kúrò lórí èkíní dé èkejì ló ń sọ eré ọkọ̀. Ìgbà tó tẹ èyí tó fì ló ń sọ bó ṣe jìnnà sí etí títì tó. Ojú kan náà tí gbogbo tírélà bá ń tẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jìn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960, fi hàn pé bí ẹrù orí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìpalára rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 16!

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tiwa ń yà fún kòtò, a sì ń sá fún tánkà bọ́ sí etí títì, nítorí náà ibi tí táyà ń gbà lọ́dọ̀ wa lè yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n wá wọn tiwa níbí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí títì ti ń gun òkè lẹ́yìn Odò Ọbà, níbi tí tírélà ẹlẹ́rù ti ń wọ́ bí ìgbín.