Bàálù Jẹ́dà kì í yára bọ̀ ju bó ṣe lọ

"Wákàtí méje ni àlọ, wákàtí mẹ́ta péré ni àbọ̀." Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ti Mẹ́kà dé ní Ìlọrin, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Wọn kò parọ́, ohun tí aago fi hàn wọ́n ni wọ́n ń sọ. Wọ́n gbéra nílé ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago márùn-ún ìdájí ló lù nígbà tí wọ́n balẹ̀ sí Jẹ́dà, ìlú Saudi tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà àbọ̀, wọ́n gbéra ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n sì balẹ̀ ní Ìlọrin ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Aago ìlú méjì ni wọ́n pò pọ̀. Aago Saudi fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ẹ yọ méjì kúrò nínú méje, ẹ ro méjì mọ́ mẹ́ta: márùn-ún márùn-ún ni.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ilé wa. Nínú oṣù Ramadan, ẹ tan tẹlifíṣàn sí Haram, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà: wọ́n á ti máa fi dàbínù ṣínu nígbà tí àwọn alákàrà Ọjà Ọba kò tíì da epo sórí iná. Ìwọ̀n dígírì 15 ni ayé ń yí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, Jẹ́dà sì fi nǹkan bíi 35 jìn sí ìlà-oòrùn ju wa lọ. Oòrùn ti wọ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó wọ̀ níbí.

Nǹkan bíi kìlómítà 4,000 ló wà láàárín ìlú méjèèjì lójú òfurufú. Bàálù tó bá fẹ́ fi wákàtí mẹ́ta rìn ín gbọ́dọ̀ sáré ju ìró lọ. Bàálù Concorde tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 2003.

Àlàyé kan wà tó ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ó jọ òótọ́: pé ayé ń yí, Ìlọrin ló ń sún wá pàdé bàálù. Òótọ́ ni pé ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń bá a yí, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Ẹ ju ọsàn sókè nínú ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ti fèrèsé: àtẹ́lẹwọ́ yín ló máa padà sí, kò ní lọ bá ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ń wá pàdé bàálù ni, àtilọ sí New York láti London ni ì bá yá ju àtibọ̀ lọ, torí ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí. Òdìkejì rẹ̀ là ń rí. Àlọ ló fi bíi wákàtí kan pẹ́ jù, nítorí ìjì líle tó ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn.

Àwọn tó ń lọ pàdé èèyàn wọn ni mo ń rò. Alhaja pè pé àwọn fẹ́ gbéra, aago ara ògiri nílé sì lu méjìlá ọ̀sán. Àwọn ọmọ ro mẹ́ta mọ́ ọn, wọ́n forí lé pápákọ̀ òfurufú. Aago mẹ́rin kọjá, fóònù ìyá wọn kò lọ, ẹnìkan ti ń sunkún. Kò sí ohun tó ṣe bàálù. Aago ilé yín ni kí ẹ wò nígbà tí wọ́n bá gbéra, kí ẹ ro márùn-ún mọ́ ọn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù.