Ẹ Yéé Pa Nọ́ńbà Mi Rẹ́

Ó ti sú mi pátápátá. Áàpù kakulétọ̀ tí mo fi owó ara mi rà, tí wọ́n ní tí mo bá ti san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di tèmi nìyẹn, ni wọ́n ti sọ dìdàkudà báyìí. Bí ìpè bá wọlé, tàbí kí n yà sórí WhatsApp láti wo àwòrán ilẹ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́, kí n tó padà dé, gbogbo nọ́ńbà tí mo tò síbẹ̀ ti pòórá. Òdo, òdo, òdo, òdo. Kò bi mí, kò kìlọ̀ fún mi.

Ẹni tí kò lo irú kakulétọ̀ yìí rí lè ní àṣejù ni mò ń ṣe. RPN (Reverse Polish Notation) ni wọ́n ń pè é: nọ́ńbà lèèyàn máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, kó tó wá tẹ àmì ìṣirò. Jan Łukasiewicz, onímọ̀ lọ́jíìkì ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ló fi hàn láàárín ọdún 1920 sí 1930 pé èèyàn lè kọ ìṣirò láìlo àkámọ́ rárá. Òun fi àmì ṣáájú nọ́ńbà, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá fi í sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fẹ́ ṣe (3 + 4) × (5 + 6). Ẹ tẹ 3, ENTER, 4, +, 7 á yọ. Ẹ tẹ 5, ENTER, 6, +, 11 á yọ, 7 á sì ti sún sókè, á dúró dè yín. Ẹ tẹ ×, 77 dé. Ẹ ò fi ọwọ́ kan =, ẹ ò sì kọ nǹkan kan sórí ìwé. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń dúró lórí ara wọn nínú stack yẹn: X nísàlẹ̀, Y lé e, Z, T wá lókè pátá. Ibẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ mi máa ń wà nígbà tí mo bá wà ní oko. Ẹni tó bá pa á rẹ́, iṣẹ́ mi ló pa rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé fóònù ló fà á. Mo mọ̀ pé Android máa ń pa áàpù tí èèyàn ò bá kọjú sí. Ẹni tó ṣe áàpù ló yẹ kó tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Nọ́ńbà mẹ́rin péré! Fóònù tó ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò! Ní 1976 ni HP-25C, kakulétọ̀ ilé iṣẹ́ HP, jáde, bí èèyàn bá pa á tó tún tàn án, ètò àti nọ́ńbà tó fi pamọ́ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. 1976 o! Kí wá ni àwáwí ẹni tó ń ṣe áàpù lónìí?

Èyí tó tiẹ̀ mú kí orí mi gbóná jù ni ti dìgírì. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe. Mo ní ìlà kan tó gùn ní mítà 48.25, bearing rẹ̀ (ibi tó kọjú sí, tí a ń kà láti àríwá lọ síhà ìlà-oòrùn) jẹ́ dìgírì 137. Mo tẹ 48.25, ENTER, 137, SIN, ×. 32.91 ló yẹ kó gbé jáde, ìyẹn bí ìlà náà ṣe lọ síhà ìlà-oòrùn tó. Ohun tó gbé jáde ni −45.48. Mo wò ó, mo tún un wò. Kò sí bí bearing 137 ṣe lè forí lé ìwọ̀-oòrùn láé! Àṣé àtúnṣe tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóru ti yí i kúrò ní dìgírì sí radian, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn igun, láìsọ fún ẹnì kankan, àmì RAD tí wọ́n sì fi síbẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Ká ní ọ̀dọ́mọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Á gbé bíkìn, òpó ààlà ilẹ̀, kúrò ní àyè rẹ̀ ní ohun tó ju mítà 78 lọ, ó di inú ilẹ̀ onílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ilẹ̀ ń dá sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì.

Ti ìpolówó ńkọ́? Abẹ́ ENTER gan-an ni wọ́n fi í sí, kì í sì í tètè yọ. Ìgbà tí ìka mi bá ti ń bọ̀ wálẹ̀ ló máa ń já dé, tí á gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n tún ní kí n jẹ́ kí áàpù máa mọ ibi tí mo wà, kó sì máa rí nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn mi. Kí ni kakulétọ̀ fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe?

Wọ́n tún wá ní láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lo RPN ní láti máa san owó lóṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì fẹ́. Nígbà tí kakulétọ̀ HP-35 jáde ní 1972, dọ́là 395 ni wọ́n ń tà á. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rà á ti rà á. Kò sí ẹni tó máa wá kanlẹ̀kùn rẹ̀ lóṣooṣù pé kó wá san owó bọ́tìnì ENTER.

Mo mọ̀ pé áàpù kakulétọ̀ mìíràn, Free42, wà. Thomas Okken ló ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́ bíi kakulétọ̀ HP-42S ti 1988, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó níbẹ̀. Mo ti gbé e sórí fóònù mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n àwọn ètò ìṣirò tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sínú áàpù àkọ́kọ́ ṣì wà ní àhámọ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà kó wọn jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, mo kọ̀wé sí yín, ẹ̀rọ lẹ ní kó dá mi lóhùn, ó sì ní kí n fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mi ò fún yín ní ìkankan. Ẹ fi RPN tí mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ẹ jẹ́ kí dìgírì tí mo yàn dúró bí mo ṣe yàn án, kí ẹ sì ṣí ọ̀nà tí mo máa fi kó ètò mi jáde. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ dá owó mi padà.