Báńkì Ti Kọjá Ẹnubodè, Náírà Ṣì Dúró Níbẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun ń pààrọ̀ owó náírà, wọ́n ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ Nàìjíríà pa. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n lé àwọn ará Ghana, tí báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ sì fi gba orúkọ tí a ṣì ń pè é di òní. Àárín irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan ń káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń dá owó jọ láti fi dá báńkì sílẹ̀. Olóyè Adéyẹmí Lawson láti Èkó wà níbẹ̀, Gervais Koffi Djondo ọmọ Togo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ecobank sílẹ̀ ní Lomé lọ́dún 1985, ẹnubodè Nàìjíríà kò tíì ṣí.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí báńkì ṣe rí nígbà náà. Bí kò bá jẹ́ ti ìjọba, ti òyìnbó ni. Èyí tó jẹ́ ti aládàáni ọmọ Áfíríkà kò tó nǹkan. Àjọ àwọn oníṣòwò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ECOWAS tì wọ́n lẹ́yìn, àwọn ènìyàn àti ilé iṣẹ́ tó lé ní 1,500 sì dá mílíọ̀nù 32 dọ́là jọ. Èèsú ńlá ni, kò yàtọ̀.

Ẹ̀ka Togo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹta ọdún 1988, ti Nàìjíríà tẹ̀ lé e lọ́dún 1989. Lọ́dún 2006, ìpín báńkì náà wọ ọjà ìdókòwò Èkó, Accra àti Abidjan. Lọ́dún 2011, ó ra Oceanic Bank. Lónìí, ó wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 ní Áfíríkà. Ìdàgbàsókè yìí kò ṣàì ní èéfín nínú o: lọ́dún 2014, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ìjà láàárín àwọn ọ̀gá, wọ́n yọ olùdarí àgbà. Ọdún yẹn kan náà ni Nedbank ti South Africa àti QNB ti Qatar di onípìn-ín ńlá. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára díẹ̀, nítorí èèsú àwọn oníṣòwò tiwa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba ni ẹjọ́ wa wà pẹ̀lú, kì í ṣe báńkì. Ẹ lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè àwa àti Benin, láàárọ̀, ẹ ó rí ìyá tó ń ti Èkó lọ ra ọjà ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu. Báńkì kan náà wà ní Èkó, ó wà ní Kútọnu. Síbẹ̀, etí títì ni ìyá yìí ti máa sọ náírà rẹ̀ di sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sórí àga onípákó, ìyá náà á sì ti sẹ́fà yẹn bọ inú ìró rẹ̀.

Lóṣù kìíní ọdún 2022, Afreximbank, báńkì tó ń ṣètìlẹ́yìn fún òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, gbé ètò ìsanwó PAPSS jáde, kí ọmọ Áfíríkà lè fi owó ilẹ̀ rẹ̀ ra ọjà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà mìíràn láìkọ́kọ́ wá dọ́là. A kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni Nàìjíríà, Ghana, Gambia, Guinea, Liberia àti Sierra Leone. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ná sẹ́fà. Bẹ́ẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá Nàìjíríà pààlà, Benin, Niger, Chad àti Cameroon, sẹ́fà ni wọ́n ń ná! Ojú ọ̀nà Banjul là, ti ẹ̀yìnkùlé wa dí.

A mọ ohun tó ń ba àwọn ará Dakar, tí báńkì àpapọ̀ wọn ń tẹ sẹ́fà Benin àti Niger, lẹ́rù. Sẹ́fà 655.957 ni owó yúrò kan, kò yẹ̀. Náírà ní tirẹ̀ ti ń jà ràìnràìn láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n so owó méjèèjì pọ̀. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ ní Sẹ̀mẹ̀ láràárọ̀ ni kí wọ́n jẹ́ ká máa ṣẹ́ ẹ ní báńkì, kó ní àkọsílẹ̀, kí olè má sì gbà á lójú ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ká dúró de eco, owó àjùmọ̀ná tí wọ́n sún láti 2015 sí 2020, tí wọ́n tún sún sí 2027. Ohun tí à ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀: kí báńkì àpapọ̀ Àbújá àti ti Dakar tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí sísan náírà sí sẹ́fà tààrà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó kéékèèké tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń ná. Kí ìjọba Nàìjíríà sì ṣèlérí pé irú ẹnubodè tí wọ́n tì lóṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, kò ní wáyé mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi tó àwọn aládùúgbò létí.