Òǹkà kọ́ ni tíríkò

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ gbà á tàbí kẹ́ ẹ dá a padà: òǹkà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ni ní tíríkò, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ méjì hun òwú di aṣọ, fi ń lé ọmọ iṣẹ́ dànù. Ọmọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ méjì mú, wọ́n á ní kó gbé ojú 72, ìyẹn ìkọ́ òwú 72, sórí rẹ̀ fún fìlà ọmọ tuntun. Ó kà á, ó jẹ́ 68. Ó tún un kà, ó di 75. Ariwo á ta: "Ṣé o ò lọ síléèwé ni?" Ó lọ o. Ó mọ̀wé, ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Gùn mọ́ Yorùbá. Nọ́ńbà ni kì í dúró lórí rẹ̀.

Èmi náà ń bẹ lára àwọn tí nọ́ńbà kì í dúró lórí wọn, mo sì ń hun fìlà, mo ń hun ìborùn, mo ń hun súwẹ́tà.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ń pe ìṣòro nọ́ńbà yìí ní dyscalculie lédè Faransé. Kì í ṣe agọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n fojú bù ú pé nínú 100 ènìyàn, bíi 3 sí 7 ló ní in. Ẹ wá wo ẹrù tí ọmọ Àjàṣẹ́ tó ní in ń gbé: ní kíláàsì, lédè Faransé, 97 jẹ́ 20 lọ́nà 4, ká tún fi 17 lé e, nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, lédè Yorùbá, 97 jẹ́ 100 tó dín 3. Orí tó jí pépé pàápàá á rò ó díẹ̀ kó tó dáhùn.

Bó bá jẹ́ tèmi ni, aṣọ ìnuwọ́ onígun mẹ́rin tí wọ́n ń hun láti igun ni mo máa kọ́kọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kó gbé ojú 3 péré sórí abẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, kó bí ojú kan kún un, kó wá hun ìyókù lọ dé òpin. Aṣọ náà á máa fẹ̀ lọ. Nígbà tí etí rẹ̀ bá gùn tó bó ṣe fẹ́, kó yí i padà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, kó so ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan, títí yóò fi ku 3. Ó parí. Kò sí nọ́ńbà tó ju 3 lọ níbẹ̀, ọmọ náà á sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń bí ojú àti bí wọ́n ṣe ń pa á pọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í mọ̀ bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, kó kọ́ bí a ṣe ń wo ojú aṣọ. Ojú tí wọ́n hun lójú máa ń yọ bíi lẹ́tà V. Èyí tí wọ́n hun lódì máa ń ní kókó kékeré níwájú. Nídìí etí fìlà tó máa ń fà, èyí tí wọ́n ń hun méjì lójú, méjì lódì, ẹni tó mọ ojú wò kò ní ka "ọ̀kan, èjì" mọ́ lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́. V ló rí? Kó hun ún lójú. Kókó ló rí? Kó hun ún lódì. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Fìlà ojú 72 yẹn ńkọ́? Ẹ hun ún ní ìbú. Gíga fìlà ni kẹ́ ẹ gbé sórí abẹ́rẹ́, bóyá 30, kẹ́ ẹ máa hun ún lọ títí yóò fi yí orí ọmọ ká, kẹ́ ẹ wá rán an pọ̀, kẹ́ ẹ fa òkè rẹ̀ jọ. Ọgbọ̀n yẹn gan-an, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn baba wa kò ka owó ẹyọ ní oókan, oókan. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fà á. Ẹ so òwú pupa kékeré lẹ́yìn ojú márùn-ún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kí yín láàárín, òwú pupa tó kẹ́yìn lẹ máa padà sí, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ ka ìlà, ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ. Ìlà kan, ẹ ti ìlẹ̀kẹ̀ kan. (Àwọn Àlàájì kan á ní mò ń fi tẹ̀sùbáà ṣeré. Ẹ má bínú, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni tèmi.) Apá súwẹ́tà méjèèjì, orí abẹ́rẹ́ kan náà ni mo ti ń hun wọ́n pa pọ̀, kálukú pẹ̀lú òwú tirẹ̀, tí ọ̀kan bá gùn, èkejì ti gùn.

Mo gbà pé bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ hun súwẹ́tà iléèwé fún odidi kíláàsì, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ pé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mìíràn bá ọmọ tí nọ́ńbà kì í dúró lórí rẹ̀ kà á, kí ọmọ náà wá hun ún. Wọ́n kúkú ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn lójoojúmọ́, ẹnìkan ń hun, ẹnìkan ń rán. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ti òǹkà nìkan ni wọ́n ń fi ń yẹ̀yẹ́ ènìyàn?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ ra òwú ní ọjà Ouando: òwú tó nípọn, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Dúdú máa ń pa ojú mọ́, kódà àwa tí a ti mọ̀ ọ́n hun kì í rí i dáadáa lálẹ́ tí iná bá lọ.