Ẹ Yéé Fi «4K» Orí Páálí Tàn Wá Jẹ

Ẹ dákun, ta ló kọ́ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n nírú irọ́ yìí? Wọ́n á kọ «4K», ìyẹn ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń fi àwòrán hàn kedere gan-an, gàdàgbà síwájú páálí. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré: «4K supported», ìyẹn ni pé ó kàn lè gba àwòrán 4K wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì wà.

Lóòótọ́, tí ẹ bá fi wáyà HDMI gbé àwòrán 4K wọ inú rẹ̀, kò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀, 1366 × 768 píksẹ́lì ni, ìyẹn àwọn tóótòtó ìmọ́lẹ̀ tó ń di àwòrán! Ojúlówó 4K jẹ́ 3840 × 2160, ó lé ní mílíọ̀nù 8 píksẹ́lì. Tiwọn ò ju mílíọ̀nù 1 àti díẹ̀ lọ. Àfi bí ẹni ń da omi dúrọ́ọ̀mù sínú kọ́ọ̀bù.

Ẹ bi ọmọ ìsọ̀ léèrè, fídíò àfihàn ló máa tàn: ẹyẹ aláràbarà, òdòdó pupa, àwọ̀ tí wọ́n ti fà dé góńgó. «Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe kílíà!» Kí ni kò ní kílíà nínú ìyẹn? Ẹ bá mi fi fíìmù tí wọ́n yà lóru sí i, kí ẹ wo bí dúdú ṣe máa di eérú.

Tẹlifíṣọ̀n 768 ò burú fún yàrá ọmọ o. Ẹ kọ 768 síwájú páálí, kí ẹ sì gba owó 768.